Ṣúgà Àárọ̀ Nìkan Kò Tó: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Alátọ̀gbẹ

Ohun tó kọ́kọ́ yé mi nínú iṣẹ́ láàbù, ní ti àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń múra de àyẹ̀wò bí ọmọ iléèwé ṣe ń múra de ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ rí dókítà ni wọ́n máa ń sá fún ìrẹsì, tí wọ́n á lo oògùn déédéé, tí wọ́n á sì tètè jẹun alẹ́. Ilẹ̀ á mọ́, ṣúgà àárọ̀ wọn á jẹ́ 108, inú wọn á dùn, dókítà náà á ní wọ́n kú iṣẹ́. Irọ́ kọ́ ni 108 yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré ló kàn ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ló máa ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tó ti ń ṣìnà, pàápàá nínú ẹ̀jẹ̀ àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni di nọ́ńbà kan ṣoṣo mú.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ó máa ń dẹ́rù ba ẹbí lásán. Ọ̀pọ̀ láàbù ní Nàìjíríà ń kọ ṣúgà ní mg/dL, àwọn mìíràn ń lo mmol/L, mmol/L yìí náà ni wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba. Ẹ sọ iye mmol/L di ìlọ́po 18, mg/dL nìyẹn. Ọmọ tó wà ní London tó ní ṣúgà òun jẹ́ 8, àti ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn tí tirẹ̀ jẹ́ 144, ọgbọọgba ni wọ́n wà. Ìwé èsì tí wọ́n kàn kọ 7.2 sí láìkọ ìwọ̀n sí i kò wúlò: ó lè jẹ́ ṣúgà, ó sì lè jẹ́ HbA1c. Ẹ dá a padà kí wọ́n kọ ọ́ pé.

Láti pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ, ṣúgà àárọ̀ láìjẹun gbọ́dọ̀ tó 126 mg/dL, tàbí kí HbA1c tó 6.5%, tàbí kí ṣúgà tó 200 ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí èèyàn mu gúlúkóòsì gíráàmù 75 tí a pò mọ́ omi. Bí kò bá sí àmì lára, irú bí òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́ àti ara tó ń rù, èsì kan kò tó. A gbọ́dọ̀ rí èsì kejì tó bá a mu. Ẹni tí àwọn àmì yẹn bá hàn lára rẹ̀, tí ṣúgà rẹ̀ sì tó 200 nígbàkígbà, kò nílò ẹ̀rí mìíràn.

Fún àyẹ̀wò láìjẹun, omi lásán nìkan ló gbọ́dọ̀ kan ẹnu fún wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Tíì oní-mílíìkì tí kò ní ṣúgà, ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ tí wọ́n fi gbé oògùn mì, àgbo inú ìgò, gbogbo rẹ̀ ló ń ba èsì jẹ́. Pákò kò ní wàhálà. Ẹ lè fi omi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ṣúgà àti ínsúlìnì oúnjẹ ní tiwọn, ẹ kó wọn dání pẹ̀lú oúnjẹ yín, kí ẹ lò wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, tí oúnjẹ sì ti wà níwájú yín. Ẹni tó lo glibenclamide, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó wá jókòó sórí ìlà títí di aago mẹ́wàá láìjẹun, ó lè dákú síbẹ̀. Ní ti ínsúlìnì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ bi dókítà yín kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé.

“Mi ò fẹnu kan nǹkan kan látalẹ́ àná, báwo ló ṣe wá di 165?” Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́. Bó bá di ìdájí, àwọn hòmóònù tó ń jí ara á ní kó tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlìnì ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ á dá a lẹ́kun. Ti alátọ̀gbẹ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Fífi ebi sùn kò yanjú rẹ̀. Oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ metformin gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú jáde ló ń dín kù.

Ohun tí aláìsàn kì í rí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti jáde lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ìgò, wọ́n sì ń jẹ ṣúgà lọ. Bí kò bá sí oògùn tó ń dá wọn dúró nínú ìgò náà, ṣúgà á máa fi bí 5% sí 7% dín kù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ooru á tún mú un yá. Ẹ̀jẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 130, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí tábìlì fún wákàtí mẹ́ta, lè di nǹkan bí 108. Ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú á gba ilé lọ pẹ̀lú ayọ̀. Ìdí rèé tí a fi ń lo ìgò olómorí aláwọ̀ eérú tó ní fluoride nínú. Kódà, fluoride kì í dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gbà á ju wákàtí kan lọ nígbà mìíràn kó tó ká a lápá kò pátápátá. Láàbù tó mọṣẹ́ á ki ìgò náà bọ inú omi oníyìnyín, tàbí kó tètè fi ẹ̀rọ ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgò HbA1c yàtọ̀: olómorí àlùkò ni, EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ṣúgà yín sí ìgò olómorí pupa tí kò ní fluoride, tí wọ́n ní ó di ọ̀la kí ọlọ́kadà tó wá gbé e lọ sí láàbù ńlá, ẹ má tijú láti bèèrè bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

Ó ku HbA1c fúnra rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ hẹmoglobínì, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa tó sì ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, kì í já mọ́ títí sẹ́ẹ̀lì náà á fi kú, sẹ́ẹ̀lì pupa sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Nítorí náà ni àyẹ̀wò yìí fi ń sọ bí nǹkan ṣe rí ní oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù tó kẹ́yìn ló kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Kò dí oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ lè jẹ iyán yó kí ẹ tó lọ. HbA1c 7% bá ṣúgà tó ń rìn ní àárín 154 mg/dL mu, 8% bá 183 mu, 9% bá 212 mu, 10% sì bá 240 mu. Àwọn tó wà ní Ìlú Ọba á rí i ní mmol/mol: 48 ni 6.5%, 53 ni 7%, 64 ni 8%, 75 ni 9%.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà àárọ̀ yín. Bí ṣúgà àárọ̀ bá ń jẹ́ 110 nígbà gbogbo, tí HbA1c wá jẹ́ 9%, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ ni ṣúgà ti ń fò sókè, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń ṣọ́ra.

Ìdí tí nọ́ńbà yìí fi ṣe pàtàkì kò pamọ́. Nínú ìwádìí UKPDS tí wọ́n ṣe lórí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ní Ìlú Ọba láti 1977 sí 1997, gbogbo 1% tí HbA1c bá fi wálẹ̀ ló ń bá ìdínkù bí 37% rìn nínú ìpalára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, ìyẹn ti ojú àti ti kíndìnrín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ká máa rọ́ ọ wálẹ̀ láìdúró. Ní 2008, wọ́n dá apá kan ìwádìí ACCORD dúró ní Àríwá Amẹ́ríkà, torí pé àwọn tí wọ́n ń fi oògùn tì kí HbA1c wọn má tó 6% ń kú ju àwọn yòókù lọ. Kó má ju 7% lọ ló dára fún ọ̀pọ̀ àgbà. Ní ti arúgbó tó ń dá gbé, tó sì ń gún ínsúlìnì, kò sóhun tó burú nínú 8%. Bí mo bá rí 6% lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, àyà mi máa ń já, torí ó ṣeé ṣe kí ṣúgà rẹ̀ máa jábọ́ lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Wàyí o, ohunkóhun tó bá pa sẹ́ẹ̀lì pupa kó tó tó ọjọ́ rẹ̀ á jẹ́ kí HbA1c relẹ̀ lásán, torí ṣúgà kò rí àyè pẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC kò gbọ́dọ̀ gbára lé àyẹ̀wò yìí rárá. Ẹni AS ńkọ́? Ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́ ní láàbù, torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ni jẹnotáìpù wà fún. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí HbS, ìyẹn hẹmoglobínì S inú ẹ̀jẹ̀ ẹni AS, máa ń dà láàmú. Àwọn mìíràn ń dá a mọ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 rí i pé HbA1c àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ AS fi nǹkan bí 0.3 relẹ̀ sí ti àwọn AA tí ṣúgà wọn jọ rí bákan náà. 0.3 kéré lójú, àmọ́ òun ló wà láàárín 6.3% àti 6.6%.

Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́pọ̀ lára àwọn ọkùnrin wa, ó sì ń ṣe irú nǹkan kan náà. Ibà tó jẹ ẹ̀jẹ̀ run, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láàárín oṣù mẹ́ta, oyún, àti abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ fún àwọn tó ń fọ kíndìnrín, gbogbo wọn ló ń fà á wálẹ̀. Àìtó áyọ́ọ̀nù (iron) ní tirẹ̀ lè tì í sókè: obìnrin tí fáíbúrọ́ọ̀dù ń mú kí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù lè rí 6.7% láìjẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí àyẹ̀wò PCV, ìyẹn iye ẹ̀jẹ̀, máa bá HbA1c rìn. Bí HbA1c kò bá ṣeé fọkàn tán, àyẹ̀wò fructosamine wà. Ara purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wo ṣúgà tó lẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló sì ń sọ. Òun náà kò dára fún ẹni tí albumin, purotéènì kan inú omi ẹ̀jẹ̀, rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nítorí àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀rọ ṣúgà tí a ń lò nílé ló kù tó máa yanjú ìyapa àárín ṣúgà àárọ̀ àti HbA1c. Ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìlànà àgbáyé gbà á láyè láti fi 15% yàtọ̀ sí ti láàbù bí ṣúgà bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti láti fi 15 mg/dL yàtọ̀ bó bá dín sí 100. Ẹ̀rọ tó kọ 119 àti èyí tó kọ 161 kò tíì rú òfin bí ti láàbù bá jẹ́ 140. Nítorí náà, ẹ má fi 138 àná àti 147 òní pe ara yín lẹ́jọ́.

Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Ẹni tó bó ọsàn tàbí máńgòrò, tó wá gún ìka láìfọwọ́, lè rí 250 lára ṣúgà tó jẹ́ 120. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Bí ẹ bá lo sípíríìtì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Níbi tí omi kò bá sí, ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, ẹ lo ìkejì. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kẹ́ ẹ gún, kì í ṣe àárín orí rẹ̀. Ó ń dín ìrora kù. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fún ìka bí ẹni ń fún ọmú màlúù, torí omi ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Sítíríìpù ní tirẹ̀, ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Inú ìgò tirẹ̀ ni kó máa wà, kí ẹ dé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i sára rẹ̀, torí àwọn mìíràn kì í dára mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá ti ṣí wọn. Kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì, kò sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Àwọn tó ń ta á ní ẹyọ mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ọ̀rá, ẹ má rà á, ó ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ̀rọ náà sábà máa ń sọ ṣúgà rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀nà tó rọrùn láti dán an wò ni pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ fa ẹ̀jẹ̀ àárọ̀, ẹ gún ìka yín níbẹ̀ lákòókò kan náà, kí ẹ wá fi èsì méjèèjì wéra.

Ìgbà méjì ni ó wúlò jù láti gún ìka: kí ẹ tó jẹun, tó yẹ kó wà láàárín 80 àti 130, àti wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, tí kò yẹ kó ju 180 lọ. Òkèlè àkọ́kọ́ ni mo wí, kì í ṣe ti ìkẹyìn. Báyìí lẹ ṣe máa mọ òtítọ́ nípa oúnjẹ. Àwọn èèyàn ti gbà pé wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gbé ṣúgà sókè, wọ́n á wá rọ òkìtì rẹ̀ sáwo. Ẹ wọn ṣúgà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ jẹ ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti ẹja, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lójú tèmi, bí òkèlè ṣe tóbi tó ṣe pàtàkì ju orúkọ tó ń jẹ́ lọ.

Bí ṣúgà bá dín sí 70, ìtọ́jú ti yá: ṣúgà onígun, ẹyọ mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí ìdajì ife mínírà dídùn (kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà). Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n, bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe, lẹ́yìn náà ẹ jẹun. Bó bá dín sí 54, ewu ti dé. Ẹni tó ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Nínú oṣù Ramadan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bó bá dín sí 70 tàbí ó ju 300 lọ, kí wọ́n ṣínu.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ṣúgà tó ti dúró dáadáa á kàn fò sókè láìnídìí. Ẹ bèèrè nípa ibà, egbò ẹsẹ̀ àti ìtọ̀ tó ń ta, kí ẹ tún bèèrè nípa dexamethasone àti prednisolone, àwọn oògùn tó ń gbé ṣúgà sókè. Àwọn kan ń rà wọ́n fún ìrora eegun, àwọn mìíràn ń lò wọ́n kí wọ́n lè sanra, a sì ti bá wọn nínú oògùn tí wọ́n pè ní ewé àti egbò lásán.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fojú di jù ni ti kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín kì í kígbe nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́. Méjì ni, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Ti ẹ̀jẹ̀ ni creatinine, ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín ń yọ jáde, tí wọ́n ń fi ṣírò eGFR, ìyẹn bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó; bí eGFR bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, kíndìnrín ti ń ṣàìsàn. Creatinine nìkan máa ń tan ni jẹ: 1.2 mg/dL lára géńdé lè dára, kó má dára lára ìyá arúgbó tó tín-ín-rín. Èkejì ni ìwọ̀n albumin sí creatinine nínú ìtọ̀. Kò yẹ kó tó 30 mg/g. Láti 30 sí 300, ìpalára ti bẹ̀rẹ̀. Pépà tí wọ́n ń ki bọ ìtọ̀ kì í rí ìwọ̀nba kékeré yìí, nítorí náà “kò sí purotéènì” orí rẹ̀ kò tó fọkàn balẹ̀. Ìtọ̀ àárọ̀ ló dára jù. Nǹkan oṣù, ibà, àkóràn àti eré ìdárayá líle lánàá lè gbé e sókè, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ga nínú méjì lára mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ká tó gbà á gbọ́. eGFR yìí náà ló ń pinnu metformin: bó bá wá sábẹ́ 45, dókítà sábà máa ń dín in kù, lábẹ́ 30, wọ́n á dá a dúró.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. LDL, èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Fún ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tó ti lé ní 40 ọdún, wọ́n fẹ́ kó wà lábẹ́ 100 mg/dL, kódà lábẹ́ 70 bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí sìgá bá wà níbẹ̀. Láàbù púpọ̀ kì í wọn LDL fúnra rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, ìṣirò náà kì í sì dára mọ́ bí triglyceride, oríṣi ọ̀rá mìíràn inú ẹ̀jẹ̀, bá ti ju 400 mg/dL lọ.

HbA1c lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ti tó fún ẹni tí kò tíì dé ibi tó yẹ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí oògùn rẹ̀ padà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún ẹni tó ti dúró. Ṣíṣe é lóṣooṣù, owó ló ń sọ nù. Àyẹ̀wò kíndìnrín méjèèjì àti ti ọ̀rá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò, kí ìyàtọ̀ ẹ̀rọ má baà dà bí ìyàtọ̀ ara.

Ẹni tó bá ti ń lo metformin fún ọdún púpọ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta tàbí tó ń kú tipiri, ẹ má tètè sọ pé àtọ̀gbẹ ló fà á. Metformin máa ń dí fítámì B12 lọ́nà kó má wọ ara, àìtó B12 sì ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ṣúgà ṣe ń bà á jẹ́. Ti B12 ṣeé tún ṣe bí a bá tètè rí i. Kì í sábà sí lára àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ń kọ fún alátọ̀gbẹ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bèèrè fún un.